Abẹ́rẹ́ Mẹ́rìnlá, Ọ̀bẹ Kan

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Ẹ̀rọ agéwèé tuntun dé lónìí. Wọ́n ní láti yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí wọ́n tó rí i tì wọlé, ọkùnrin mẹ́fà ló sì tì í. Ọ̀bẹ rẹ̀ gùn tó apá mi méjèèjì bí mo bá nà wọ́n, ó ń dán débi pé mo rí eyín mi nínú rẹ̀. Máníjà kó gbogbo wa jọ, ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni náà ló sì máa jẹ́ olórí yàrá ìgéwèé. Ìdánwò máa wà ní ìparí oṣù kẹjọ, tí a bá ti kó àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ jáde tán.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gé ìwé ní ilé ìtẹ̀wé yìí. Àǹtí Ọ̀bẹ ni gbogbo wọn ń pè mí. Ọkùnrin tí a jọ ń gé e, Kíákíá, kò tíì lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Ká ní kì í ṣe ti inú tó ń run mí ni, ta ni ì bá máa sọ̀rọ̀ ìdánwò? Mo mọ̀. Máníjà mọ̀. Kíákíá pàápàá mọ̀, torí kò lè wo ojú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ayálégbé ti dé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọjọ́ kẹta nìyí tí mo ti wà lórí ibùsùn, ìgò omi gbígbóná lórí ikùn. Orúkọ tí Dókítà ń pe àìsàn yìí gùn bí ọjọ́ tí ebi ń pani: ẹndomẹtiriósìsì. Èmi ń pè é ní Ayálégbé, torí irú ohun tó yẹ kó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ilé-ọmọ ló lọ kọ́lé síta, tó ń da ilé onílé rú lóṣooṣù. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ lé e jáde rí. Kò pé ọdún méjì tó tún kó ẹrù rẹ̀ padà.

Oògùn tí wọ́n fún mi ń ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ó ń kun èèyàn lóorun, ẹni tí oorun ń kùn ò sì gbọdọ̀ dé ìdí ọ̀bẹ. Òfin Máníjà nìyẹn, mi ò bá a jà lórí ẹ̀. Ìka mẹ́wàá ni mo bá wáyé, mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ bá lọ. Bí mo bá lo oògùn, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Bí mi ò bá lò ó, mi ò lè nàró.

Máníjà pè mí lórí fóònù nírọ̀lẹ́. Ó ní àga kan ṣófo ní ọ́fíìsì iwájú, iṣẹ́ ìjókòó, kí n kàn máa dáhùn fóònù, nítorí ìlera mi. Ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ẹni tó wá bá ọlọ́fọ̀ kẹ́dùn. Mo ní ẹ ṣé, sà. Kó tó di pé mo jókòó sórí àga yẹn, ikán á ti jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màmá wá. Ó tún gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé: bí mo bá ti lè bímọ, gbogbo rẹ̀ á lọ. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi bí mẹ́ta, inú ṣì ń run ún títí dòní olónìí. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. Mo ní kó ṣàlàyé bó ṣe yàtọ̀, ó ní kí n lọ wo omi tí mo gbé kaná.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ìyá Gọ́ọ̀mù, ẹni tó ń lẹ ẹ̀yìn ìwé níbi iṣẹ́ wa, ló kọ́kọ́ sọ fún mi nípa obìnrin kan tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wo ara ríro, akupọ́ńṣọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ò gbà á gbọ́. Ó ní gbogbo obìnrin ló ń fara da tirẹ̀, pé ara ọ̀tọ̀ wo ni mo ní. Mo ní irú èyí tó ń dùn mí ni.

Mo béèrè lọ́wọ́ Dókítà. Kò bú mi bí mo ṣe rò. Ó ní abẹ́rẹ́ ò lè lé Ayálégbé jáde, pé àwọn kan ń rí i pé ó ń dín ariwo rẹ̀ kù, àwọn mìíràn ò rí nǹkan kan, kí n gbìyànjú ẹ̀ tó bá wù mí, àmọ́ mi ò gbọdọ̀ dá oògùn òun dúró láìsọ fún òun. Ó fún mi ní páálí kékeré tí wọ́n kọ òdo dé mẹ́wàá sí, kí n máa fi sọ bí ìrora ṣe tó lójoojúmọ́. Òdo ni kò sí rárá. Mẹ́wàá ni kí n má wulẹ̀ sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òjò láti ìdájí. Òkè ilé tí wọ́n ti ń ta gíláàsì fèrèsé ni Alábẹ́rẹ́ wà, àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún, mo kà wọ́n. Obìnrin àgbà tó gbẹ, tó ń wọ bàtà rọ́bà. Yàrá ìdúró kan, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé, ibùsùn tóóró kan lẹ́yìn rẹ̀. Kò yára. Ó béèrè ìgbà tí ìrora ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń gbà, oògùn tí mò ń lò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá: ọrùn ẹsẹ̀, abẹ́ orúnkún, ìsàlẹ̀ ikùn, àárín àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Mo ti ń retí irú èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń gún wa nídìí. Kò jọ ọ́ rárá. Wọ́n tín-ín-rín bí irun, wọ́n kàn ta mí pín-ín, lẹ́yìn náà ibẹ̀ wúwo, ó ń ṣe mí wìrìwìrì. Mo sùn fún ogójì ìṣẹ́jú nínú ariwo àwọn tó ń gé gíláàsì nísàlẹ̀.

Ọkọ mi, awakọ̀ ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, wá gbé mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, kò rí ojú ihò kankan, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé wọn ò kàn jẹ́ kí n sùn kí wọ́n gba owó mi. Nígbà tó yá ló ní ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ó ń fara mọ́ mi nìyẹn, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀ẹ̀kẹta. Alábẹ́rẹ́ béèrè pé báwo ni ara. Mo ní a dúpẹ́, ó ti ń sàn. Inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó ń fi ránṣẹ́ sí Dókítà, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Inú tèmi náà dùn, àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún kì í ṣe eré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Mẹ́sàn-án.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo ṣe wèrè lónìí, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ kó má bàa di àsọdùn lọ́la. Mi ò lo oògùn, mo lọ síbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kí Máníjà rí mi lórí ìdúró. Èèpo ìwé ìṣirò kíláàsì kẹrin ni mò ń gé. Ojú mi ń ṣókùnkùn, mo fi ìwọ̀n sí ibi tí kò yẹ, mo sì tẹ ọ̀bẹ náà sílẹ̀ nígbà mẹ́rin kí n tó rí i. Irínwó èèpo ìwé ló bàjẹ́, gbogbo wọn fi ìka méjì kúrú. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù ìwé, mi ò lè dìde.

Máníjà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní kí n mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ dókítà kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ tó parí, ìwé tó máa sọ ọjọ́ tí mo lè wà nídìí ọ̀bẹ àti ọjọ́ tí mi ò lè wà níbẹ̀. Láìsí ìwé yẹn, kò sí ìdánwò fún mi, ọ́fíìsì iwájú ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Inú ń bí mi débi pé bírò yìí ń ya ìwé.

Mo lọ gba lẹ́tà. Dókítà ṣí fáìlì mi, ó yí i sọ́dọ̀ mi kí n kà á fúnra mi. Ọdún mẹ́fà. Gbogbo ìgbà tí mo lọ, tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bi mí pé báwo ni ara, ohun tí mo sọ wà níbẹ̀. Ó ní a dúpẹ́. Ó ní ara le. Ó ní kò burú. Ó ní ó ti sàn díẹ̀. Wọ́n so ti Alábẹ́rẹ́ mọ́ ọn: ó ní ó ti ń sàn. Dókítà ní, "Kí ni kí n kọ? Nínú ìwé yìí, ara rẹ le ju tèmi lọ."

Ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi? Ilé ni wọ́n ti kọ́ mi. Bí àgbà bá bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà ni, tí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn lé e lórí, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́. A dúpẹ́ ni a fi ń kí èèyàn, kì í ṣe ìdáhùn dókítà. Mo mú ẹ̀kọ́ ilé lọ sí ilé ìwòsàn, mo fi í pa ẹnu ara mi dé fún ọdún mẹ́fà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níwájú ọkùnrin yẹn. Mi ò sun ún.

Ó ní òun á kọ lẹ́tà náà bí mo bá lè kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lójoojúmọ́ títí oṣù yìí yóò fi parí, láìfi ẹyọ kan pamọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Mi ò dúró de Àbámẹ́ta. Mo gun àtẹ̀gùn Alábẹ́rẹ́ láti ibi iṣẹ́, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ní, "Mà, irọ́ ni mo pa fún yín. Kò sàn. Mẹ́sàn-án ni."

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní adákẹ́ má fọ̀, a ò mọ ti ẹni tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló ní òun náà jẹ̀bi, torí àgbà ni òun, òun mọ ohun tí a dúpẹ́ ń jẹ́ lẹ́nu àwa, ó yẹ kí òun bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ṣòfin fún mi: "Ẹnu ọ̀nà ni ká ti kíra tán. Bí o bá ti kọjá kọ́tìnì yìí, mi ò fẹ́ gbọ́ a dúpẹ́ mọ́. Nọ́ńbà ni."

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ láti ìsinsìnyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Lẹ́nu ọ̀nà: ẹ kú iṣẹ́ mà, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, gbogbo wọn wà. Lẹ́yìn kọ́tìnì: márùn-ún. Ẹnu mi wúwo kí n tó sọ ọ́. Ó dà bí ìgbà tí mo ń bọ́ aṣọ lójú ọjà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Ooru ti dé yàrá ìtẹ̀wé, fáànù méjì ti kú. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìwé kíkà ni mo gé lónìí. Ìrora: mẹ́ta ní àárọ̀, mẹ́ta ní alẹ́. Ìyá Gọ́ọ̀mù rí páálí mi, ó ní ọkàn mi ló ń tàn mí jẹ, pé abẹ́rẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Mo ní bó bá jẹ́ ọkàn mi ló dín in kù, ọkàn mi kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́ oṣù keje

Méje.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Méje. Dókítà gbà kí n lo ìdajì oògùn. Ìdajì náà tó. Mi ò sún mọ́ ọ̀bẹ, mo jókòó ti obìnrin tó ń ka ojú ìwé, mo ń bá a kà. Oṣù tó kọjá, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Mo gba lẹ́tà mi. Ìlà mọ́kànlá, òǹtẹ̀ méjì. Máníjà kà á lórí ìdúró, ó kà á tún, ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò jọ ti ẹni tí nǹkan dára fún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá

Màmá ní òun fẹ́ wá wo àwọn tó ń gún ọmọ òun lábẹ́rẹ́. Ó kẹ́gàn àtẹ̀gùn, ó kẹ́gàn bàtà Alábẹ́rẹ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, báàgì rẹ̀ lórí itan. Alábẹ́rẹ́ bi mí, mo ní mẹ́ta, ní àná mẹ́rin, nígbà tí Ayálégbé dé gan-an, méje.

Màmá ṣí báàgì rẹ̀, ó tún pa á dé. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, kò wo ẹnikẹ́ni nínú wa. "Tèmi, mẹ́sàn-án ni. Ogún ọdún ó lé."

Ó ní lóṣooṣù òun máa ń ti ilẹ̀kùn kíṣìn, òun á dùbúlẹ̀ lórí símẹ́ńtì títí yóò fi rọlẹ̀, òun á sì sọ fún bàbá wa pé ẹ̀fọ́rí ni. Mo rántí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì yẹn. A rò pé ó ń fi ẹran pamọ́ fún wa ni. Mo fẹ́ dìde dì mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ mẹ́rìnlá ò jẹ́. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí mi, ó ní kí n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, kí n má ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Kò sọ̀rọ̀ ọmọ bíbí nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá

Wọ́n lẹ ọjọ́ ìdánwò mọ́ ara ògiri. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Mo ka ọjọ́ lórí ìka, mo tún un kà. Ọjọ́ kejì Ayálégbé gan-an ni.

Mo wọlé tọ Máníjà lọ, mo fi lẹ́tà Dókítà hàn án, mo ní kó sún un síwájú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní bí òun bá sún un fún mi, òun á sún un fún gbogbo ayé. Ó tún rán mi létí àga ọ́fíìsì iwájú. Mo ní ó dáa, kó jẹ́ ọjọ́ náà, mi ò ní lo oògùn tó ń mú oorun wá, ṣùgbọ́n mo fẹ́ àga gíga láti jókòó nídìí ẹ̀rọ, mo sì fẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìsinmi láàárín. Ó ní kò sí ẹni tó ń jókòó gé ìwé. Mo mú ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà jáde lábẹ́ apá, mo ṣí ojú ìwé kẹsàn-án: àwòrán obìnrin kan rèé, ó jókòó sórí àga gíga, ó ń gé ìwé, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo ti ka ìwé yẹn ní gbogbo ilé iṣẹ́ wa.

Ó fún mi ní àga àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mẹ́fà. Alábẹ́rẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún mi ní aago méje àárọ̀ nítorí ọ̀la. Ó ní òun ò ṣèlérí nǹkan kan. Mo ní mi ò béèrè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wákàtí méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwé kan náà, ìwọ̀n kan náà. Kíákíá ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, ó sì ṣe é bí orúkọ rẹ̀. Ìdì mọ́kànlélógójì. Máníjà fi rúlà onírin wọ̀n wọ́n, mẹ́ta nínú wọn ò bá ìwọ̀n mu.

Ó kàn mí. Mo gun àga mi. Mo to ìwé, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ó fi dọ́gba, mo tì í sábẹ́ irin, ọwọ́ méjèèjì lórí bọ́tìnì méjèèjì, ọ̀bẹ sọ̀kalẹ̀. Mi ò sáré. Fún wákàtí kan, mẹ́fà ni, mo mọ bí mo ṣe ń bá mẹ́fà gbé. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ó dé mẹ́jọ, òógùn bò mí. Mo pa ẹ̀rọ, mo yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì, mo pajú dé.

Gbogbo wọn ń wò mí. Máníjà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ohùn ìkẹ́dùn rẹ̀. "Àǹtí, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró síbí."

Mo ní, "Ó ń dùn mí gan-an, sà. Mẹ́jọ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi ò tíì pé. Tó bá pé, màá gé ìwé."

Kíákíá jáde lọ. Mo rò pé kò lè wò ó mọ́ ni. Ó padà wọlé pẹ̀lú omi gbígbóná nínú ìgò, ó ti fi táwẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ wé e, ó gbé e lé mi nítan, ó sì padà lọ dúró sí àyè rẹ̀. Mo ti bínú sí ọkùnrin yẹn fún oṣù mẹ́ta, ó sì dùn mí lónìí pé mo bínú sí i.

Ìṣẹ́jú kẹwàá pé. Méje. Mo fi kọ́kọ́rọ́ padà.

Ìdì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Máníjà wọ̀n wọ́n. Ó lọ mú rúlà mìíràn wá láti ọ́fíìsì, ó tún wọn wọ̀n. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo tó fi bí irun kúrò níbi tí mo fi í sí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Máníjà ní àwọn tó ni ìwé ò san owó lórí ìyára, ìwé tó gún ni wọ́n ń sanwó fún. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ń yọ eyín ẹ̀. Kíákíá ní kí n kọ́ òun bí ìdì mi kì í ṣe é yẹ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ dín eré kù.

Máníjà gbé kàlẹ́ńdà kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tuntun. Ó fi bírò pupa kọ ọ́ síbẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n máa pọ́n ọ̀bẹ, ọjọ́ tí wọ́n máa fi òróró sí i, ọjọ́ tí ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta lóṣù. Kò sí ẹni tó bi ẹ̀rọ bóyá ó fẹ́ lọ dáhùn fóònù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo mú bírò pupa náà. Mo kọ ọ́ sórí ọ̀la, ọ̀túnla àti Ọjọ́bọ̀, gàdàgbà: Àǹtí Ọ̀bẹ ò ní sí nídìí ọ̀bẹ, inú ń run ún. Máníjà wá kà á. Ó béèrè bóyá ó yẹ kí gbogbo èèyàn máa rí irú èyí lára ògiri. Mo ní ó yẹ bẹ́ẹ̀, sà. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́rin. Ayálégbé ò tíì kó jáde, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé yóò kó jáde. Mo lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, mo tan ẹ̀rọ mi, mo gbójú sókè wo kàlẹ́ńdà.

Àwọn kan ti kọ ọjọ́ tí inú ń run àwọn náà sábẹ́ tèmi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ mẹ́ta fún ẹnì kan, méjì fún èkejì, méjì fún ẹ̀kẹta. Mo mọ ọwọ́ obìnrin tó ń ka ojú ìwé. Mo mọ ti Ìyá Gọ́ọ̀mù, torí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ etí ìwé níbi tó dì í mú. Ẹ̀kẹta, mi ò mọ̀ ọ́n. Nínú yàrá yẹn, gbogbo wọn dorí kọ iṣẹ́ wọn, kò sí ẹni tó gbójú sókè.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn Máníjà. Mo ní kàlẹ́ńdà yẹn ti kéré fún wa, kó ra èyí tó tóbi.